Bí ẹ ṣe lè ra òróró ólífì tó dáa fún búrẹ́dì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí kì í tán lẹ́nu ẹ̀yin òǹkàwé. Èkíní: ìgò wo ni kí n mú nínú gbogbo èyí tó tò sórí kántà yìí? Èkejì: kí ló dé tí èyí tí mo fowó gidi rà fi ń ta mí lọ́nà ọ̀fun? Ẹ̀kẹta máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: ṣé òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣeé fi jẹ búrẹ́dì? Mo to ìdáhùn wọn síbí ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹ lè máa wò ó lórí fóònù bí ẹ ṣe ń yí ìgò wò ní ṣọ́ọ̀bù.

Omi èso ni òróró ólífì. Fífún ni wọ́n ń fún un bí a ṣe ń fún ọsàn, kò sì ní dùn ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n fún un lọ. Bó ṣe ń pẹ́ ni adùn rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá ti mọ bí òun ṣe máa rà á ní titun, tó sì tètè jẹ ẹ́ tán, ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú tí ẹ ń wá

Irú mẹ́rin ni ẹ máa bá lórí kántà. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra.

- Extra virgin. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi fún un. Wọn kò fi kẹ́míkà yọ ọ́, wọn kò sì fọ̀ ọ́. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni pé ásíìdì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.8 lọ nínú 100, àti pé àwọn atọ́wò tó kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí wọ́n má rí àbùkù kankan nínú òórùn tàbí adùn rẹ̀. Èyí ni ti búrẹ́dì.
- Virgin. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe é, ṣùgbọ́n ásíìdì rẹ̀ lè tó 2 nínú 100, àbùkù díẹ̀ sì lè wà níbẹ̀. Kò wọ́pọ̀ lórí kántà.
- Olive oil lásán, tàbí èyí tí wọ́n kọ Pure, Classic tàbí Light sí. Òróró tí wọ́n fọ̀ nílé iṣẹ́ títí àbùkù rẹ̀ fi lọ ni, òórùn àti adùn rẹ̀ sì bá a lọ. Wọ́n wá bu òróró virgin díẹ̀ sí i. Ó dáa fún díndín nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí Light tàn yín: ọ̀rá inú rẹ̀ kò dín rárá. Ṣíbí ńlá kan rẹ̀, ìyẹn 15 ml, ní nǹkan bíi 120 kálórì bíi ti gbogbo òróró yòókù. Adùn nìkan ló fúyẹ́.
- Pomace. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún ólífì tán, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń yọ èyí tó ṣẹ́kù nínú pàǹtí rẹ̀. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní sansa, àwọn ará Sípéènì ń pè é ní orujo. Kò ní pa yín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wá ṣe lórí búrẹ́dì.

Ẹ fara balẹ̀ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Àwọn kan máa ń kọ Olive Oil gàdàgbà-gadagba sókè, wọ́n á wá kọ Pomace wínníwínní sísàlẹ̀.

Ìkìlọ̀ lórí ìgò ṣọ́ọ̀ṣì àti ìgò kẹ́míìsì

Nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì ni òróró ólífì tí a kọ́kọ́ mọ̀. Mi ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ìgò tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí òróró ìtasórí lè ní lọ́fínńdà nínú, ó lè jẹ́ pé òróró mìíràn ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, ó sì lè ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́nu fèrèsé. Bí kò bá sí ohun tó fi hàn lára rẹ̀ pé oúnjẹ ni, tí kò sì sí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lò ó tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún àdúrà. Bó bá jẹ́ ìgò extra virgin gidi ni ẹ kàn gbé lọ sí ìsìn, tí kò sì tíì pẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ìgò kékeré tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Ti etí dídí àti awọ ara ni ìyẹn. Wọn kò ṣe é nítorí adùn, owó rẹ̀ sì wọ́n ju ti oúnjẹ lọ bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ sí lítà.

Ní ṣọ́ọ̀bù: ohun tí ẹ máa ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé

1. Ẹ wo ìgò kí ẹ tó wo orúkọ. Ìgò dúdú, ìgò aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, tàbí agolo ló dáa. Nínú òróró yìí, àwọ̀ ewé wà tí wọ́n ń pè ní chlorophyll. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bà á, òun gan-an ló máa ń mú kí òróró tètè bàjẹ́. Ìgò tó mọ́ gaara, tí a ń rí inú rẹ̀, ojú nìkan ló ń ṣe lóore. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ẹ ní kí wọ́n mú un fún yín láti inú páálí tí wọn kò tíì tú.

2. Ẹ wo ibi tó dúró sí. Ìgò tí òòrùn ń pa lẹ́nu fèrèsé, tàbí tó wà lábẹ́ gílóòbù gbígbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn kántà kí ẹ mú èyí tó fara pamọ́. Bí eruku bá ti jókòó sí èjìká ìgò, ẹ ti mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

3. Ẹ wá ọjọ́ ìkórè. Ká ní ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ mi, èyí ni kó jẹ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní Harvest lédè Gẹ̀ẹ́sì, Cosecha lédè Sípéènì, Raccolta lédè Ítálì. Ní Sípéènì, Ítálì, Gíríìsì àti Tùnísíà, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni wọ́n sábà ń kórè. Ìgò tí ẹ bá rà ní oṣù kẹta ọdún 2026, ìkórè 2025 tàbí 2025/2026 ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 2023, ẹ dá a padà. Ní Ṣílè, South Africa àti Ọsirélíà, oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ni tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ti apá ibẹ̀ fi sábà máa ń titun jù ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ti Yúróòpù ti ń gbó lọ.

   Ọjọ́ Best Before kì í ṣe ohun kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò ni wọ́n sábà máa ń kà á láti, oṣù 18 sí 24 síwájú, òróró sì lè ti dúró sínú táńkì fún oṣù púpọ̀ kó tó wọnú ìgò. Bí kò bá sí ọjọ́ ìkórè rárá, ẹ mú èyí tí Best Before rẹ̀ ṣì jìnnà jù.

4. Ẹ wo ilẹ̀ tí èso ti wá. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ sígò, ọ̀tọ̀ ni ibi tí igi rẹ̀ wà. Ìgò lè gbé àsíá Ítálì síwájú, kí ẹ wá ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ bá a pé àpòpọ̀ òróró láti inú Yúróòpù àti òde Yúróòpù ni. Àpòpọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ wá èyí tó dárúkọ ilẹ̀ kan, agbègbè kan, tàbí oko kan. Òǹtẹ̀ roboto aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní PDO, tàbí DOP ní Ítálì àti Sípéènì, ń jẹ́rìí pé agbègbè tí wọ́n dárúkọ ni wọ́n ti gbìn ín, tí wọ́n sì ti fún un.

5. Ẹ wo irú ólífì tí wọ́n fi ṣe é. Àlàyé rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

6. Ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán. Ẹni méjì tó ń jẹ ṣíbí ńlá kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ á pa ìgò 500 ml tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀. Ẹni tó dá gbé, tó ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìgò 250 ml á tó o lò fún nǹkan bí oṣù méjì. Kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi agolo lítà márùn-ún ṣe.

7. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni ẹ ti ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, kí ẹ sì wo ọjọ́ ara rẹ̀ bóyá wọ́n lẹ ìwé mìíràn lé e lórí. Òróró tí wọ́n tún rọ sínú ìgò àlòkù lójú ọ̀nà, ẹ jìnnà sí i, bó ti wù kí ẹnu ẹni tó ń tà á dùn tó.

Ní kúkúrú, bí ẹ bá ń kánjú:

- Extra virgin
- Ìgò tó ṣókùnkùn tàbí agolo
- Ìkórè tó kẹ́yìn
- Orúkọ ilẹ̀ tàbí oko
- Ìwọ̀n kékeré
- Ìdérí tí wọn kò tíì ṣí

Irú ólífì àti ẹni tó bá mu

Àwọn irú ólífì pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹ máa rí léraléra.

*Arbequina*, tó ti Catalonia wá ní Sípéènì, rọ̀ lẹ́nu, ó sì ní òórùn ápù àti álímọ́ńdì. Kì í ta púpọ̀. Ẹni tí kò jẹ òróró ólífì rí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. *Taggiasca* láti Liguria ní Ítálì àti *Chemlali* ti Tùnísíà náà wà ní ìhà yìí.

*Koroneiki* ni ti Gíríìsì. Òórùn koríko tútù ló ní, ó sì ń ta díẹ̀.

*Picual* ni wọ́n gbìn jù ní Jaén, ní gúúsù Sípéènì. Kò sí agbègbè kan láyé tí òróró ólífì ti ń jáde tó ibẹ̀. Picual titun, bí ẹ bá fi imú kàn án, ewé tòmátò gan-an ni ẹ máa gbọ́: òórùn tó máa ń kù sí ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ewé náà. *Coratina* ti Puglia ní Ítálì ló le jù nínú wọn. Ó korò, ó ta, kò bá ọmọdé ṣeré.

Ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sọ ni pé èyí tó korò, tó sì ń ta, ló máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Èròjà tó ń mú un korò náà ló ń gbà á lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀ ń fi òróró falẹ̀, Picual tàbí Coratina ni kí ẹ rà. Àwa tí a ń jẹ ewúro, ìkorò wo ló tún fẹ́ dẹ́rù bà wá?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ sanwó fún

*Premium, Gourmet, Finest:* ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. *Cold extracted* ní ìtumọ̀ lábẹ́ òfin Yúróòpù: ooru tí wọ́n fi ṣe é kò ju 27°C lọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ extra virgin ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àràmàǹdà. Nọ́ńbà ásíìdì tó kéré, bíi 0.2, dáa láti rí, àmọ́ ahọ́n yín kò lè mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìkan kò sì sọ pé ó dùn.

Ní ti owó, nǹkan bíi kílò 4 sí 8 èso ló ń lọ sí lítà kan. Nígbà tí ọ̀dá mú Sípéènì, tí ìkórè 2022 àti 2023 sì kùnà, owó òróró yìí lọ sókè káàkiri ayé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí extra virgin tí owó rẹ̀ kò ju ti òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ bi ara yín léèrè. Ṣùgbọ́n owó gọbọi náà kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti rí ìgò olówó ńlá tó ti kú sórí kántà.

Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó dà á sórí búrẹ́dì

Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ìgò ni kí ẹ ṣe èyí, kí rìsíìtì tó sọnù.

1. Ẹ bu ṣíbí ńlá kan sínú ife kékeré. Ife búlúù ni àwọn atọ́wò ń lò, kí wọ́n má bàa rí àwọ̀ òróró, nítorí àwọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa adùn. Èyí tó dà bí wúrà lè dáa ju èyí tó dúdú bí ewé lọ.
2. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìsàlẹ̀ ife, ẹ fi ọwọ́ kejì bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nǹkan bíi 28°C ni àwọn atọ́wò ń fẹ́.
3. Ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kíá. Koríko, ewé, èso, tòmátò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú: gbogbo ohun tó bá jọ oko tútù ló dáa.
4. Ẹ mu díẹ̀, kó yí gbogbo ahọ́n ká. Ẹ pa eyín pọ̀ kí ẹ fa afẹ́fẹ́ wọlé láàárín wọn, kó dún ṣììì. Ẹ má tijú.
5. Ẹ gbé e mì, kí ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Títa á dé. Kì í ṣe orí ahọ́n ló ti ń ta, ọ̀nà ọ̀fun ni, ó sì lè mú yín wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì.
6. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ òmíràn wò, ẹ jẹ ápù díẹ̀, kí ẹ mu omi.

Ìdáhùn ìbéèrè èkejì nìyẹn. Títa lọ́fun kì í ṣe àmì pé òróró ti bàjẹ́, tàbí pé wọ́n fi nǹkan kan lú u. Ní 2005, Gary Beauchamp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn *Nature* pé èròjà kan tí wọ́n pè ní oleocanthal ló ń fa títa náà, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ lára lọ́nà tó jọ ti oògùn ibuprofen. Kì í ṣe pé kí ẹ wá fi òróró rọ́pò oògùn o. Ohun tó kàn wá níbí ni pé títa jẹ́ àmì pé òróró ṣì wà láàyè. Òróró rírọ̀ kì í ta púpọ̀, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di ayédèrú.

Àbùkù tí ẹ máa fi imú mọ̀:

- Òórùn ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú ike, tàbí ti kíréyọ̀nù ọmọ ilé ìwé: ó ti gbó. Ó wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù.
- Òórùn kíkan bíi fínígà: èso rẹ̀ ti kan kí wọ́n tó fún un.
- Òórùn èbu: èso rẹ̀ ti bu nínú ọ̀rinrin.
- Òórùn èso jíjẹrà, tó wúwo nímú: wọ́n kó èso jọ fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá gbọ́ nínú wọn, kì í ṣe extra virgin mọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìdánwò tí kò wúlò

Àwọn kan ní kí a gbé e sínú fíríìjì, pé bó bá dì, ojúlówó ni. Irọ́ ni. Bó ṣe ń dì wà lọ́wọ́ irú èso rẹ̀ àti ìda tó wà lára èso náà. Òróró fífọ̀ lè dì, ojúlówó sì lè má dì. Àwọn mìíràn ní kí a ki òwú bọ̀ ọ́ kí a ṣáná sí i. Gbogbo òróró ló ń jó. Ẹ fi imú àti ọ̀fun yín ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé

Ohun mẹ́rin ló ń bà á jẹ́: ìmọ́lẹ̀, ooru, afẹ́fẹ́ àti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kò lè dá ọjọ́ dúró, ṣùgbọ́n mẹ́ta yòókù wà lọ́wọ́ yín.

1. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń gbé e sí nítorí pé ọwọ́ tó o, ibẹ̀ náà ló sì burú jù. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tó jìnnà sí iná ni kó wà. Ní ìlú òtútù, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, tàbí sí kọ́bọ́ọ̀dù tí páìpù omi gbígbóná gbà kọjá.
2. Ibi tó tutù ló ń fẹ́. 14 sí 18°C ló dáa jù. Nílé wa ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ta ló fẹ́ rí ìyẹn? Bí yàrá kan bá wà tí ẹ ń tan ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ lálaalẹ́, inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ sàn ju ilé ìdáná lọ. Bí kò bá sí, ẹ lo fíríìjì. Òróró á ṣú, ó sì lè dì, ṣùgbọ́n kò bàjẹ́. Ẹ gbé e jáde ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ, á tún yọ́. Ẹ má máa gbé e wọlé gbé e jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Ẹ bu èyí tí ẹ máa lò fún ọjọ́ mélòó kan sínú ìgò kékeré, kí ìyókù dúró sínú òtútù.
3. Ẹ dé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ẹnu ìgò onírin tí wọ́n ń ki bọ̀ ọ́ kó lè máa ṣàn tín-ín-rín, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìdérí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé tọ̀sán tòru, eṣinṣin náà sì mọ̀nà. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ yọ ọ́ kí ẹ dá ìdérí padà.
4. Bí ẹ bá ra agolo ńlá pín, ẹ rọ ọ́ sínú àwọn ìgò dúdú kéékèèké lọ́jọ́ tí ẹ ṣí i. Ìgò náà gbọ́dọ̀ gbẹ fọ́fọ́, kí ẹ sì rọ ọ́ dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má rí àyè. Ẹ ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ má rọ titun lé àlòkù. Ìsàlẹ̀ ìgò orí tábìlì ni òróró tó ti gbó máa ń wà, òun ló sì máa ń ba titun jẹ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ tó rọ òmíràn sí i.
6. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò. Pẹ̀lú bírò lásán. Láàárín oṣù kan sí méjì ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, kó má kọjá ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ má rọ ọ́ sínú ike àlòkù tàbí ohun èlò bàbà tàbí irin tó lè dípẹtà. Irin àti bàbà ń mú kó yára gbó. Gíláàsì dúdú, agolo tó wá sínú rẹ̀, tàbí irin tí kì í dípẹtà ló bójú mu.

Òróró tí wọn kò sẹ́, tó ṣú láti ilé iṣẹ́, dùn gan-an nígbà tó bá titun. Ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá silẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ ń kan. Ẹ jẹ irú rẹ̀ kíákíá, tàbí kí ẹ má rà á.

Lórí búrẹ́dì

Búrẹ́dì tó ní èèpo líle, tí kò sì ní ṣúgà, ló bá a mu jù. Ní Tuscany ní Ítálì, búrẹ́dì tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń yan, wọ́n á fi aáyù tútù ra á lára, wọ́n á wá da òróró titun lé e títí á fi rin. Ní Catalonia, wọ́n á gé tòmátò pọ́nrọ́n sí méjì, wọ́n á fi ojú rẹ̀ ra búrẹ́dì yíyan títí á fi ku èèpo nìkan lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni òróró àti iyọ̀. Ní Palẹsítínì, àwo méjì ni wọ́n ń gbé sílẹ̀, òróró nínú ọ̀kan, ewé za'atar lílọ̀ nínú èkejì. Búrẹ́dì á kọ́kọ́ kan òróró, á wá kan za'atar.

Búrẹ́dì Agége ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ àti Coratina kì í gbọ́ ara wọn yé. Arbequina ni kí ẹ lò. Ẹ gé e nípọn, kí ẹ yan ojú rẹ̀ nínú páànù gbígbẹ títí á fi pọ́n díẹ̀, kí ẹ da òróró sí i nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ wá wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Bí ẹ kò bá yan án, á kàn fa òróró mu bí fóòmù ni, ẹ kò sì ní gbádùn rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó le: ẹ má ki aáyù, ata tútù tàbí ewé tútù sínú ìgò òróró kí ẹ wá gbé e sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀ òróró, ibẹ̀ gan-an sì ni kòkòrò tó ń fa àìsàn botulism ti ń rí àyè pọ̀ sí i. Májèlé rẹ̀ ń pànìyàn, kò sì ní òórùn tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ òróró aláàáyù, ẹ ṣe ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ lójúmọ́ náà. Bó bá ṣẹ́ kù, inú fíríìjì ni kó wà, kó má sì kọjá ọjọ́ mẹ́rin.

Bí ẹ kò bá rí èyí tó dáa

Bó bá jẹ́ Olive oil lásán nìkan ló wà ní àdúgbò yín, ẹ má dà á sórí búrẹ́dì nítorí orúkọ. Ẹ fi bọ́tà jẹ búrẹ́dì yín, ó dùn jù ú lọ. Bí owó extra virgin bá ga jù, ẹ ra ìgò tó kéré jù fún búrẹ́dì àti sàláàdì nìkan, kí ẹ máa fi òróró ẹ̀pà dín nǹkan bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bí òórùn rẹ̀ bá kàn ti lọ sílẹ̀, tí kò tíì máa rùn bí ẹ̀pà àtijọ́, ẹ fi dín ẹyin tàbí kí ẹ fi se ọbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá ti ń rùn, kò sí ọbẹ̀ tó máa bo òórùn náà. Ẹ má dà á sínú páìpù ibi ìfọbọ́, á dí i. Ẹ dá a padà sínú ìgò rẹ̀, ẹ dé e pa, kí ẹ jù ú sí ibi tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń po ọṣẹ lè gbé e fún un.